Iná kọ́ ni wọ́n fi ń rẹ Ìjàpá sílẹ̀

Ìtàn orúkọ Ìlọrin kò gùn lẹ́nu àwọn àgbà ìlú náà. Òkúta kan wà ní Ìdí-Àpẹ tí àwọn ará ìgbà àtijọ́ máa ń pọ́n irin lórí rẹ̀: àdá ni o, ọkọ́ ni o, ọfà ni o. "Ìlọ irin" ni wọ́n ń pe ibẹ̀, orúkọ náà sì ran gbogbo ìlú. Ẹni tó bá gba ọgbà mẹkáníìkì kọjá ní Ìlọrin lónìí yóò gbọ́ pé wọn ò tíì ṣíwọ́ irin lílọ. Gíríńdà ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òkúta. Á máa han goooro, iná á máa ta pàrà lẹ́nu rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tó dì í mú á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí kò ní awò ìbojú. Nígbà mìíràn, sípíríǹgì ọkọ̀ ni wọ́n ń gé bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ló ń bẹ iṣẹ́ yẹn. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ wálẹ̀, kí orí táyà wọ abẹ́ mọ́gáàdì, kí ọkọ̀ dà bí ológbò tó lúgọ de eku. Golf àti Corolla ni wọ́n sábà ń ṣe é fún, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni kékeré kan tó ti pẹ́ láyé ju ẹni tó ń wà á lọ: Volkswagen ẹlẹ́yìn rogodo tí Yorùbá sọ ní Ìjàpá. Àwọn kan ti ń wá a kiri padà. Wọ́n ń wọ́ ọ jáde lẹ́yìnkùlé bàbá àgbà, wọ́n ń kùn ún, wọ́n sì ń bẹ mẹkáníìkì pé kó bá àwọn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀.

Rírẹ ara sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ti ọkọ̀ náà kò sì yẹ kó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ló burú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìmọ̀kan àwọn mẹkáníìkì ló fà á. Irọ́ ni. Owó iṣẹ́ ló fà á. A máa ń sanwó fún ohun tí a lè fojú rí, tí a lè fọwọ́ gbé, bíi ṣọ́ọ̀kì tókúnbọ̀ tí wọ́n fi bébà wé. Owó ọwọ́ àti ọpọlọ ẹni tó mọ iṣẹ́ ni ẹnu wa kì í gbà láti san.

Ọdún 1975 ni Ìjàpá di ọmọ onílé ní Nàìjíríà. Oṣù kẹta ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Badagry láti Èkó, Brazil ni ẹ̀yà ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ìjàpá náà sì ti wá. Àsìkò ọ̀hún bọ́ sí i gan-an, nítorí owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù, ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ owó oṣù lórí rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Kwara alára jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Tíṣà ra Ìjàpá, nọ́ọ̀sì ra Ìjàpá, akọ̀wé kóòtù ra Ìjàpá. Wọn ò ṣe irú rẹ̀ tó ní òrùlé irin mọ́ ní Jámánì láti 1978. Mexico ló ṣe èyí tó kẹ́yìn ní oṣù keje ọdún 2003, lẹ́yìn tí iye rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 21 káàkiri ayé. Èyí tó kù nílẹ̀ ni àwọn ọmọ ń pààrà ilé àgbà tọrọ.

Ìjàpá tí a mọ̀ níbí kò ní sípíríǹgì tó ká bí ejò. Ọ̀pá irin ló ní, ọgbọ́n tí ọ́fíìsì Ferdinand Porsche béèrè ìwé àṣẹ lé lórí ní 1931. Ẹ wo alágbàfọ̀ méjì tó ń fún aṣọ ìbora: ọ̀kan di etí kan mú gírígírí, ìkejì ń lọ́ etí kejì. Bí ẹni tó ń lọ́ ọ bá dẹwọ́, aṣọ á tú padà fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pá ẹ̀yìn Ìjàpá rí. Orí kan dè mọ́ àárín ọkọ̀, kò lè yí. Orí kejì wọnú apá irin pẹlẹbẹ kan tó gbé táyà dání. Bí táyà bá gun òkúta, apá irin náà á lọ sókè, ọ̀pá á lọ́. Bí táyà bá sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá á tú.

Inú ọ̀pá yìí ni gbogbo ọgbọ́n wà. Wọ́n gbẹ́ eyín wéwé yí orí rẹ̀ méjèèjì ká, iye eyín náà kò sì dọ́gba: 40 ní inú, 44 ní òde. Ẹni tó bá yí orí inú ní eyín kan ti yí i ní dígírì 9. Eyín kan ní òde lé díẹ̀ ní dígírì 8. Bí mẹkáníìkì bá wá yí ti inú ní eyín kan síwájú, tó yí ti òde ní eyín kan sẹ́yìn, ìyàtọ̀ tó ṣẹ́kù kò pé dígírì kan. Ní ìdí táyà, kò ju bíi mìlímítà mẹ́fà lọ. Ẹni tó ya ọkọ̀ yìí mọ̀ pé lọ́jọ́ kan ẹnìkan yóò fẹ́ wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn wúrà, ó sì ti fi ìwọ̀n náà sínú irin dè é. Ẹni tí kò ka eyín, tó kàn yí ti òde nìkan ní ẹyọ kan, ẹ̀yìn ọkọ̀ á já wálẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì máa rò pé bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn.

Mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n ṣe á gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, á fi irin ìdúró tì í, nítorí jáàkì kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé lọ́wọ́. Á yọ táyà, á tú ìdí ṣọ́ọ̀kì. Á fi ṣísẹ́lì sàmì sí ibi tí apá irin pẹlẹbẹ náà ti pàdé ìdí áásù, kó lè dá a padà síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Á tú bóòtù mẹ́rin tó di ìdérí mú. Nígbà náà ni ibi tó léwu kàn: apá irin yẹn ṣì jókòó lé orí gọ̀gọ̀ irin kékeré kan, agbára ọ̀pá tó ti lọ́ wà nínú rẹ̀ pátápátá. Bí kò bá fi jáàkì kejì gbá a mú kó tó yọ ọ́ kúrò lórí gọ̀gọ̀ náà, á já ṣòòrò wálẹ̀, ó sì lè kán ìka ọwọ́ tó bá pàdé lọ́nà. Nígbà tó bá ti rọ̀ wálẹ̀ tán, tí kò sí agbára nínú rẹ̀ mọ́, ni wíwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀. Ohun ìwọ̀n náà kò sì le rí, nítorí ó wà nínú àpótí ìṣirò gbogbo ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, fóònù pàápàá ń wọn igun báyìí. Á kọ́kọ́ wọn ìsàlẹ̀ ẹnu ilẹ̀kùn, nítorí ọkọ̀ tó wà lórí ìdúró kò tẹ́jú. Á wá wọn apá irin náà, á yọ iye ti àkọ́kọ́ kúrò nínú rẹ̀. Á kọ ọ́ sílẹ̀. Á fa ọ̀pá jáde, á ka eyín, á dá a padà. Ọ̀pá òsì kì í lọ sí ọ̀tún, nítorí láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ìkọ̀ọ̀kan bí yóò ṣe máa lọ́. Àmì L àti R wà lórí wọn. Lẹ́yìn náà, á tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, igun kan náà gẹ́lẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ á máa tiro.

Ọjọ́ kan lè lọ sí i. Ohun tí wọ́n rà sí i ńkọ́? Kò sí. Ó pọ̀ jù, rọ́bà búṣì tuntun mẹ́rin.

Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀gá mi, èló ni owó iṣẹ́?" Ọ̀gá á dárúkọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀ àti fún ọmọ iṣẹ́ méjì. "Háà, Alhaji! Ẹ ò ra nǹkan kan sí i o. Ohun tó wà níbẹ̀ náà lẹ kàn yí." Ẹnu ọ̀gá á há. Báwo ló ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé ohun tó tà ni sùúrù tí kò jẹ́ kó yí i ju bó ṣe yẹ lọ? Oníbàárà á sọdá sí ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tó ní iná gáàsì, ẹni tí yóò ṣe é ní ààbọ̀ wákàtí, tí owó rẹ̀ kò sì ní tó ìdajì.

Ara ọkọ̀ tó ní sípíríǹgì kíká ni wọ́n ti kọ́ àṣà iná yìí. Wọ́n á yọ táyà Golf, wọ́n á da iná lu sípíríǹgì rẹ̀ níbi tó wà, á pupa, á rọ̀, ìwúwo ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ọkọ̀ ti wálẹ̀, oníbàárà ti rẹ́rìn-ín. Alágbẹ̀dẹ kankan kò ní gbà kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀bẹ tó rọ. Irin sípíríǹgì di ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ láìtẹ̀ nítorí pé wọ́n mú un gbóná dé ìwọ̀n kan, wọ́n pa á, wọ́n tún fi iná díẹ̀ rọ̀ ọ́, pẹ̀lú ìṣirò. Iná gáàsì tí kò ní ìwọ̀n á pa ìṣirò yẹn rẹ́. Ibi tó dé á di irin lásán, ibi tí kò dé á ṣì le, ààlà méjèèjì ni irin náà ti máa ń ṣẹ́ nígbà tó bá yá. Kò sì ní ṣẹ́ nínú ọgbà mẹkáníìkì, níbi tí ọkọ̀ dúró sí jẹ́ẹ́. Ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni, lórí eré.

Bí Ìjàpá bá wá bọ́ sọ́wọ́ oníná kan náà, tí kò rí sípíríǹgì kíká kankan, apá irin pẹlẹbẹ yẹn ni yóò sun kó lè tẹ̀ ẹ́. Tàbí kó fi gíríńdà gé gọ̀gọ̀ tó gbé e dúró. Apá irin pẹlẹbẹ yẹn, sípíríǹgì ni òun náà o.

Àwọn òbí tó ń pariwo pé ọkọ̀ tó bá ti rẹlẹ̀ ti di pàkúté náà kò mọ ìtàn tó wà lẹ́yìn Ìjàpá. Nínú irú tí wọ́n ń ṣe ní Brazil, áásù ẹ̀yìn rọ̀ mọ́ ìdí jíà nìkan, bí apá ẹyẹ ṣe rọ̀ mọ́ èjìká. Bí ọkọ̀ bá fi eré wọ kọ́nà, ẹ̀yìn lè gbéra sókè, kí táyà tó wà ní òde ká wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ọkọ̀ sì dojú dé. Irú áásù báyìí náà ló wà lẹ́yìn Corvair tí Chevrolet ṣe ní Amẹ́ríkà, tí Ralph Nader fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ lórí ewu inú ọkọ̀, Unsafe at Any Speed, ní 1965. Volkswagen yí áásù tiwọn padà fún ọjà Amẹ́ríkà nígbà tí ọdún 1960 sí 1969 ń parí lọ. Àwọn ará Brazil kò yí tiwọn. Nítorí náà, ẹ̀yìn Ìjàpá tó bá wálẹ̀ níwọ̀nba ń mú kí táyà ya ẹsẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń dín ewu yẹn kù. Ọmọ tó ní òun fẹ́ rẹ Ìjàpá òun sílẹ̀ kò tíì ṣìwèrè. Ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ kọjá ààlà ni táyà á dà bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́, tí etí inú táyà tuntun á jẹ tán kí etí òde tó mọ̀ pé òun ti kúrò nílé.

Iwájú rẹ̀ ni ọ̀ràn pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ́n irin gígùn méjì ló dábùú iwájú Ìjàpá, àwọn irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ sì tò jọ sínú ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n fi bóòtù kan dè wọ́n ní àárín. Ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú ni kí wọ́n fa díẹ̀ nínú àwọn irin wọ̀nyí jáde. Lóòótọ́ iwájú á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára tó ń gbé e náà ti dín kù, nítorí náà gbogbo kòtò ni yóò fi rọ́bà ìdádúró gbá, tí orí awakọ̀ á fi máa mì bí ti alángbá. Ọ̀nà tó dára ju èyí ni kí wẹ́dà tó dáńtọ́ gé àárín ọ̀pọ́n náà, kó jó ohun tí wọ́n fi ń yí i sókè-sódò mọ́ ọn, kí irin inú rẹ̀ pé. Ibi tí wọ́n jó mọ́ra yẹn ni ẹ̀mí ènìyàn mẹ́rin yóò gbára lé, ó sì yẹ kí owó wẹ́dà náà jọ bẹ́ẹ̀. Fún Ìjàpá tó ń lo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì níwájú, ìdí mìíràn wà láti ṣọ́ra: bọ́ọ̀lù náà ní ibi tí yíyí rẹ̀ mọ, bí iwájú bá sì ti wálẹ̀ jù, á ti sún mọ́ òpin yẹn kí ọkọ̀ tó kúrò níbi tó dúró sí. Àwọn ará California, tí wọ́n ti ń tẹ iwájú Ìjàpá wálẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, fi ojú rí gbogbo èyí. Ohun tó dára jù tí wọ́n ń lò ni ìdí táyà tí wọ́n gbẹ́ ihò rẹ̀ sókè sí i, tó jẹ́ pé ọkọ̀ á wálẹ̀, irin inú ọ̀pọ́n kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó wọ́n, òkè òkun ló sì ti ń wá.

Bí iwájú bá wálẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, ẹ ṣọ́ ṣíárìn. Ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gbéregbère lórí eré, bí ẹni tí oorun ń kùn. Irin pẹlẹbẹ kékeré ni wọ́n ń fi sẹ́yìn ọ̀pọ́n ìsàlẹ̀ láti wo àìsàn yẹn, wọn ò sì gbọdọ̀ dá ọkọ̀ padà fún olówó rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe aláìnmẹ́ǹtì.

Wàyí o, Ìlọrin kì í ṣe California. Láti ilẹ̀ dé abẹ́ Ìjàpá tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 ni. Ẹni tó bá mú mẹ́wàá kúrò níbẹ̀ ń bá bọ́ǹpù Tánkè àti Gáà Àkànbí wá ìjà. Bọ́ǹpù ìjọba wà, bọ́ǹpù tí onílé fúnra rẹ̀ da sìmẹ́ǹtì sí iwájú ilé rẹ̀ tún wà. Ẹni tó dà á kò wọn gíga rẹ̀, inú ló ń bí i lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni àgbàrá òjò tó ń gbẹ́ ilẹ̀ pupa láàárín agboolé. Ohun tó sì wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, tó ń yọjú sílẹ̀, ni ìdérí ilé ọ́ìlì. Lítà méjì ààbọ̀ ọ́ìlì péré ló wà nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní omi, kò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì yẹn ló ń tù ú. Bí bọ́ǹpù kan bá ya ìdérí náà, kò ní pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì á fi dì.

Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tó fún Ìlọrin. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá kúrò ní mẹ́rin, kó ṣe mẹ́rin, kó sì ra ṣọ́ọ̀kì tó kúrú bá a, kó wò ó bí okùn bíríìkì kò bá ha ara irin. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n nígbà tí ènìyàn mẹ́rin bá jókòó sínú rẹ̀, nítorí ọkọ̀ tó ṣófo kì í sọ òótọ́. Ọjọ́ tí Iléyá bá kù dẹ̀dẹ̀, tí bàbá ọmọ náà bá ní kó bá òun fi Ìjàpá rẹ̀ gbé àgbò wá láti ọjà, pẹ̀lú àbúrò méjì lẹ́yìn tí wọ́n di ìwo mú, ọjọ́ yẹn ni wọn yóò mọ̀ bóyá táyà ń ha mọ́gáàdì.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé irú iṣẹ́ yìí kọjá ọwọ́ wa. Ní 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, sọ Ìjàpá kan di ọkọ̀ tó ń lo oòrùn àti afẹ́fẹ́. Páńẹ́lì oòrùn wà lórí òrùlé, ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn ìwé ìròyìn òkèèrè gbé àwòrán páńẹ́lì náà káàkiri. Ohun tí kò hàn nínú àwòrán ni pé ó ní láti ro ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà lágbára nítorí ìwúwo bátìrì. Ó mọ̀ pé ohun tí a bá gbé lé Ìjàpá lórí tàbí tí a bá yọ kúrò lára rẹ̀, ẹsẹ̀ ni yóò jíyìn fún un.

Ní Jámánì, ẹni tó bá rẹ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yà tó lò yẹ fún ọkọ̀ yẹn, kí ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò bíi TÜV sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Britain, ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún kò nílò àyẹ̀wò ọdọọdún mọ́ láti oṣù karùn-ún 2018, àyàfi èyí tí wọ́n bá ti yí padà gidigidi. Níbí, àwọn fíaiò, ìyẹn àwọn ayẹ-ọkọ̀-wò ìjọba, máa ń wo táyà, wọ́n á wo iná, wọ́n á béèrè ìwé. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ohun tí fíaiò Kwara lè ṣe kò gba òfin tuntun: kí wọ́n gbé pákó kan tó ga ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá dání, kí wọ́n tì í sábẹ́ ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá rẹlẹ̀. Bí kò bá wọlé, ọkọ̀ padà sí ọgbà mẹkáníìkì. Kí wọ́n tún fi tọ́ọ̀ṣì wo sípíríǹgì: irin tí iná ti jẹ máa ń ní àwọ̀ aró àti eérú lára, kò ṣeé fi ọ̀dà bò pẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mẹkáníìkì náà lè kọ iye owó iṣẹ́ yìí sára pátákó, kí oníbàárà mọ̀ ọ́n kó tó dé, kí ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n ṣe má baà máa bẹ ẹni tó wá bá a.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ọkọ̀ padà wá. Ọ̀pá tí wọ́n yí á ti jókòó dáadáa, gíga ẹ̀gbẹ́ kan lè yàtọ̀ sí èkejì díẹ̀, wọ́n á sì tún bóòtù gbogbo fún. Èyí tó kù ni iná iwájú, tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: bí imú ọkọ̀ bá ti wálẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa bọ́ sílẹ̀ nítòsí, awakọ̀ kò ní rí màlúù tó dúró sójú títì lálẹ́ àfi ìgbà tó bá dé ìdí rẹ̀. Sùkúrù méjì ló wà létí gíláàsì iná kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ń tún un ṣe. Wọ́n á gbé ọkọ̀ dojú kọ ògiri, láàárín Mọ̀gàríbì àti Ìṣáì, ẹnìkan á jókòó sórí àga awakọ̀, ọ̀gá á máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ méjèèjì á fi dọ́gba lára ògiri náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kò sí ẹ̀yà kankan tí wọ́n rà sí i, òun náà sì wà nínú owó iṣẹ́.